Láti AutoCAD Bọ́ sí Revit: Bí Ayàwòrán Ilé Ṣe Lè Ṣe É Láìba Iṣẹ́ Jẹ́

Ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n ń fi kọ́lé ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó títí dòní, ìlà lásán ló wà nínú fáìlì wọn. Ìlà méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n pè ní ògiri. Ìlà kan àti ìdámẹ́rin òbírí ni wọ́n pè ní ilẹ̀kùn. AutoCAD, sọ́fítíwíà ìyàwòrán tí ilé iṣẹ́ Autodesk gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, kò mọ èyí tó jẹ́ ògiri nínú wọn. Ohun tó mọ̀ ni pé ìlà kan bẹ̀rẹ̀ níbí, ó sì parí sọ́hùn-ún. Bí ẹ bá sún fèrèsé yàrá kan ní 300 mm nínú puláànù, àwòrán iwájú ilé kò ní gbọ́, section (àwòrán ilé tí a gé lóòró kí inú rẹ̀ lè hàn) kò ní gbọ́, tábìlì tí wọ́n ka fèrèsé sí náà kò ní gbọ́. Ayàwòrán ló máa rántí gbogbo ibi tí fèrèsé yẹn ti yọjú, òun ló máa tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbàgbé, bíríkìlà ló máa bá a pàdé lórí sáìtì, nígbà tí búlọ́ọ̀kù ti gòkè, tí owó onílé sì ti wọlẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó tó àkókò kí gbogbo ọ́fíìsì tó ń yàwòrán ilé, bó ti wù kó kéré tó, bọ́ sí Revit tàbí irú rẹ̀, sọ́fítíwíà tí a fi ń mọ odindi ilé sínú kọ̀ǹpútà dípò kí a máa fa ìlà. Revit ni mo máa fi ṣàlàyé, torí pé ilé iṣẹ́ tó ni AutoCAD náà ló ni ín, fáìlì DWG, irú èyí tí AutoCAD ń tọ́jú, sì ń wọ inú rẹ̀ tààrà. ArchiCAD ti ilé iṣẹ́ Graphisoft ní Họ́ńgárì ti wà ṣáájú rẹ̀, ó ṣì dára gan-an, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ògiri, àjà àti section ló sì kan òun náà. Revit jáde ní ọdún 2000 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Massachusetts. Autodesk rà á ní 2002 ní mílíọ̀nù 133 dọ́là. Nítorí náà, ẹ má ṣe pè é ní AutoCAD tuntun. Ọwọ́ mìíràn ló kọ ọ́, ìrònú mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Kódà lẹ́tà tí ìka yín ti há sórí yàtọ̀: WA ni ògiri, DR ni ilẹ̀kùn, WN ni fèrèsé, AL ni Align, OF ni Offset.

Ilé lẹ ń kọ́

Nínú Revit, ẹ kì í ya ògiri, ẹ máa ń mọ ọ́n ni. Bí ẹ bá ti tẹ WA tí ẹ sì ń fà á lọ, ògiri yẹn ti ní ìnípọn, ó ti ní gíga, ó mọ ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n, ó mọ ilẹ̀ tó dúró lé àti àjà tó máa kàn. Puláànù wá di ọ̀nà kan péré tí a gbà ń wo ilé náà: Revit gé e ní 1200 mm sókè ilẹ̀, ó sì ń wo ìsàlẹ̀, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iṣu tó ń wo ojú rẹ̀. Section náà, gígé ni, òòró ni wọ́n kàn gé e. Tábìlì fèrèsé, lára ilé kan náà ló ti ń kà á. Bí àwòrán kan bá ní àbùkù, ilé gan-an lẹ máa tún ṣe, àwòrán á tẹ̀ lé e.

Kò sí ohun tó ń nira fún ẹni tí AutoCAD ti mọ́ lára tó èyí. Bí section bá gbé ibi tí kò dára jáde, bóyá dẹ́kìn kò kan ògiri, tàbí bíìmù yọ sí ojú fèrèsé, ọwọ́ á sáré lọ sídìí Filled Region funfun láti fi bò ó, á wá fi Detail Line, ìlà lásán tó wà nínú ìwò kan ṣoṣo, fa èyí tó wù ú lé e lórí. Àwòrán á dára lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ onílé á ní kí wọ́n gbé àjà sókè sí i. Ilé á sún, àbùlẹ̀ funfun yẹn ò ní sún, á sì máa parọ́ fún ẹni tó ń kọ́lé. Bí mo bá ní kí ọ́fíìsì kan lẹ òfin kan mọ́ ògiri, èyí ni: Detail Line wà fún ohun tó kéré jù láti mọ, irú bí ọ̀rá DPC tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gun ògiri, ìṣó, tàbí bí páànù ṣe ká sí etí gọ́tà nínú àwòrán 1:10. Ohunkóhun tí wọ́n máa fi téèpù wọ̀n lórí sáìtì, ẹ mọ ọ́n.

Layer, ìpele tí AutoCAD fi ń ya ìlà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí níbẹ̀. Ohun gbogbo wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ògiri pẹ̀lú ògiri, ilẹ̀kùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn, Object Styles ló sì ń sọ bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe máa nípọn tó, láti 1 dé 16. Ẹ gbàgbé fáìlì CTB tí ẹ fi ń sọ pé àwọ̀ pupa ni 0.18, àwọ̀ yẹ́lò ni 0.35. Ìnípọn ìlà nínú Revit tún máa ń yí padà bí ìwọ̀n àwòrán bá yí padà, kí ìlà 1:200 má baà di ẹrẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa jèrè jù ni View Template. Ẹ ṣètò ọ̀kan fún puláànù 1:100, ọ̀kan fún section, ọ̀kan fún elevation (àwòrán ojú ilé), kí ẹ wá fi wọ gbogbo ìwò tó bá jẹ́ irú rẹ̀. Ẹni tó bá ń tún ìwò kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ máa jìyà lọ́jọ́ tí àwòrán bá di ogún.

Nǹkan mìíràn tó máa ń bí àwọn ènìyàn nínú ni dimension, nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lórí àwòrán. Nínú AutoCAD, ẹ lè tẹ dimension lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ kọ 3600 síbi tí òtítọ́ rẹ̀ jẹ́ 3587. Revit kì í gbà. Ọ̀rọ̀ lásán ló lè jẹ́ kí ẹ kọ rọ́pò, kò gba nọ́ńbà. Nítorí náà, bí ẹ bá tún puláànù àtijọ́ mọ nínú Revit, tí àpapọ̀ yàrá àti ògiri inú fún yín ní 11965, tí ìwọ̀n ìta ń pè ní 12000, sọ́fítíwíà kọ́ ló ṣe é. Àwòrán yẹn ti ń parọ́ tipẹ́, bíríkìlà tó ń fi téèpù pín in lórí sáìtì ló ń bá yín bo àṣírí.

Kọ̀ǹpútà, iná, àti ọdún tó wà lára fáìlì

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí Revit ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń mọlé, core kan ṣoṣo nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń lò. Èyí túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà tí core rẹ̀ mélòó kan yára dára ju èyí tó ní púpọ̀ tí ń lọ́ra. RAM 16 GB tó fún ilé gbígbé kékeré. Ẹ lọ fún 32 GB bí ẹ bá ń ṣe ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì alájà mẹ́rin. Ìdiwọ̀n kan wà tí Autodesk fúnra wọn máa ń sọ, pé RAM tí fáìlì máa gbà tó ìlọ́po 20 ìwọ̀n rẹ̀, fáìlì 300 MB á gba 6 GB fún ara rẹ̀ nìkan. SSD kì í ṣe àfikún, dandan ni.

Ọ̀rọ̀ iná wá ni kókó. AutoCAD máa ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sínú fáìlì .sv$, èyí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là lọ́wọ́ NEPA. Revit kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ṣe ni pé á yọjú, á rán yín létí pé ẹ kò tíì tọ́jú iṣẹ́ láti bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ẹ bá sì tẹ Cancel, ó parí. Ẹ lọ sínú Options, lábẹ́ General, kí ẹ gbé ìránnilétí yẹn wá sí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì máa gbọ́ tirẹ̀. Desktop tí kò ní UPS kò yẹ kó gbé fáìlì Revit rárá. Bí ẹ ti ń tọ́jú, Revit á máa fi ẹ̀dà àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, pẹ̀lú .0001, .0002 lára orúkọ. Àwọn ni ẹ máa padà sí bí fáìlì bá bàjẹ́, ẹ má pa wọ́n rẹ́. Bí wọ́n bá ń kún díìsì, ẹ dín iye wọn kù nínú Options tó wà nínú Save As.

Ọ̀rọ̀ ọdún ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ́fíìsì. Fáìlì tí Revit 2025 bá ti fọwọ́ kàn, Revit 2024 kò lè ṣí i mọ́, kò sì sí Save As tó máa dá a padà. DWG kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè tọ́jú DWG òní kí ẹni tó ń lo AutoCAD 2010 ṣí i. Torí náà, gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ọdún kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ilé fi parí. Ẹ kọ ọ́ mọ́ orúkọ fáìlì, bíi Bodija_Duplex_R24, kí ẹnikẹ́ni má baà fi R25 ṣí i láìròtẹ́lẹ̀.

Ní ti owó, Autodesk ti dẹ́kun títa ìwé àṣẹ àràgbélé láti 2016, owó tí a ń san lemọ́lemọ́, bíi ti oṣù tàbí ti ọdún, ló kù. Revit LT kò wọ́n tó odindi Revit, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì kò lè jọ ṣiṣẹ́ nínú fáìlì kan lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹ̀kọ́, kì í ṣe fún iṣẹ́ olówó. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká dọ́là, FreeCAD 1.0 tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2024 ti ní apá BIM (mímọ ilé sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo ìsọfúnni rẹ̀) nínú, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ka fáìlì IFC, irú fáìlì tí oríṣiríṣi sọ́fítíwíà BIM jọ ń lò.

Ògiri wa kọ́ ló wà nínú template wọn

Template tó bá Revit wá, fáìlì ìpìlẹ̀ tí iṣẹ́ tuntun ń ti inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ilé òkè òkun ló ń rò. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ya ohunkóhun, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ní .rte, kí gbogbo iṣẹ́ máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n á jẹ́ mm, láìsí nọ́ńbà lẹ́yìn àmì ìdá. Ẹ dá ògiri onínáìnì-íǹṣì sílẹ̀: búlọ́ọ̀kù 225 ní àárín, kí ẹ fi sí ìpele Structure, pílásítà 15 ní ìta, 15 ní inú, àpapọ̀ 255. Ti onísíìsì-íǹṣì, 150 pẹ̀lú pílásítà méjì, 180. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mọ ògiri 225 gbọnrangandan láìsí pílásítà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe máa ń rí. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí ẹ pè ní 1200 láàárín búlọ́ọ̀kù ti di 1170 nígbà tí pílásítà bá gbẹ, táìlì kò sì tíì dé. Ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ àti básíà ọwọ́ tí ẹ tò sínú 1200 yẹn lè má jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí tán. Ẹ fi Location Line, ìlà tí Revit fi ń gbé ògiri sílẹ̀, sí Core Face, kí dimension máa kan ojú búlọ́ọ̀kù, torí ibẹ̀ ni bíríkìlà ń wọ̀n.

Level, gíga tí ilẹ̀ tàbí àjà kọ̀ọ̀kan wà, ni ohun kejì. Ilẹ̀ ìta ní -450, ilẹ̀ inú ilé ní 0, àjà àkọ́kọ́ ní 3150, òkè ògiri tó gbé òrùlé ní 6300, bí ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan bá ni. Gbogbo ògiri gbọ́dọ̀ so mọ́ Level lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ má fi èyíkéyìí sílẹ̀ ní Unconnected. Bí onílé bá ní kí 3150 di 3300, ẹ yí nọ́ńbà kan ṣoṣo, gbogbo ògiri, àtẹ̀gùn àti òrùlé á dìde. Èyí tó bá wà ní Unconnected nìkan ló máa kù sílẹ̀, àlàfo 150 á sì wà lórí rẹ̀ tí ẹ kò ní rí nínú puláànù.

Puláànù sọ́fíyọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ fáìlì ti ń bàjẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Sọ́fíyọ̀ ilẹ̀ wa máa ń fún yín ní DWG tó wà lórí UTM Zone 31, ètò tó ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé. Ní Èkó, Easting (ìwọ̀n sí ìlà-oòrùn) máa ń wà ní nǹkan bí 540000 mítà, Northing (ìwọ̀n sí àríwá) ní nǹkan bí 715000. Òun kò ṣẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, fírémù tàbí àmì àríwá kan wà ní 0,0 nínú fáìlì kan náà. Lójú Revit, àwòrán yẹn gùn tó ọ̀nà 800 kìlómítà ó lé, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ti gbòòrò ju máìlì 20 lọ ti kọjá agbára rẹ̀. Á kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó bá tẹ OK láìka ìkìlọ̀ yẹn sí á máa rí i pé òbírí ń rí gbágungbàgun, hatch kò kún, ìlà kò fẹ́ so mọ́ra, kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ tọ́jú ojúlówó fáìlì sọ́fíyọ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ ṣí nínú AutoCAD. Ẹ ṣe AUDIT, PURGE, àti OVERKILL, àwọn àṣẹ tó ń fọ fáìlì mọ́. Ẹ wá tẹ ZOOM Extents: bí pulọ́ọ̀tì bá di èérún kékeré ní igun kan, ohun àjèjì kan wà lọ́nà jíjìn, ẹ wá a rí kí ẹ pa á rẹ́. Nínú Revit, Link CAD ni kí ẹ lò, èyí tó ń so DWG mọ́ fáìlì yín láìgbé e wọ inú rẹ̀. Ní Import units, ẹ má fi í sílẹ̀ ní Auto-Detect. Mítà ni sọ́fíyọ̀ fi ya á, ẹ mú Meter. Positioning, ẹ mú Auto - Center to Center. Tó bá ti wọlé, ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ kan láti òpó ààlà sí òpó ààlà: pulọ́ọ̀tì 60 ní 120 ẹsẹ̀ bàtà gbọ́dọ̀ fún yín ní 18.29 mítà ní 36.58. Bó bá fún yín ní 18 mm, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà yìí lẹ máa lọ sí Manage, Coordinates, Acquire Coordinates, kí ẹ tẹ DWG náà. Ilé yín á dúró nítòsí àárín tí Revit fẹ́ràn, ṣùgbọ́n á ti mọ ibi tó wà lórí ilẹ̀ ayé. Project North ni ẹ máa fi ya àwòrán kí ilé lè dúró gbọnrangandan lórí bébà. True North ni ẹ máa fi ya site plan àti ibi tí oòrùn ti ń wọlé.

Ẹ má lo Import CAD, tó ń gbé DWG wọ inú fáìlì, fún èyí, ẹ má sì Explode rẹ̀ (tú u sí ìlà) láé. Gbogbo layer inú DWG ló máa di irú ìlà tuntun nínú fáìlì yín, wọn kì í sì í bá àwòrán náà lọ bí ẹ bá pa á rẹ́. Ìlà tó bá kúrú ju nǹkan bí 0.8 mm lọ, Revit kò lè dá a rárá, nítorí náà ohun tí ẹ bá Explode máa ń jáde pẹ̀lú ihò.

Fèrèsé tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó pòórá

Ẹ fi fèrèsé 600 ní 600 sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Orí rẹ̀ bá ti àwọn yòókù dọ́gba ní 2100, ìdí rẹ̀ wà ní 1500. Ẹ wo puláànù, ògiri dí pátá, fèrèsé kò sí. Ó wà o. Ní 1200 ni Revit gé ilé náà, fèrèsé yẹn sì wà lókè ibi tí wọ́n gé. Ẹni tí kò mọ̀ á tún fi òmíràn sí ojú ibẹ̀. Revit á kìlọ̀ pé ohun méjì kan náà wà lójú kan, òun á fọwọ́ rọ́ ìkìlọ̀ náà sẹ́yìn, tábìlì á wá ka fèrèsé méjì fún ihò kan, alumíníọ́mù á sì gba owó méjì.

Ẹ lè gbé Cut plane, ìyẹn ibi gígé, ti gbogbo puláànù sókè sí 1700, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù òkè ilé ìdáná tó bẹ̀rẹ̀ ní 1500 á di ohun tí wọ́n gé, ibi tí àtẹ̀gùn ti já nínú puláànù á sì yí. Èyí tó dára jù ni Plan Region. Lábẹ́ View, Plan Views, ẹ mú Plan Region, kí ẹ fa àpótí yí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan ká, kí ògiri ìta wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi Cut plane ibẹ̀ sí 1700. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti bafúrúùmù tó bá fara kanra, àpótí kan náà ni kí ẹ fi yí wọn ká.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì abẹ́ àtẹ̀gùn

Àwọn onílé wa fẹ́ràn kí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Nínú AutoCAD, ìlà oníkókóró ni wọ́n fi ń ya àtẹ̀gùn lókè rẹ̀, wọ́n á fi ìgbọ̀nsẹ̀ sí i, wọ́n á fi ilẹ̀kùn 750 sí i, ó parí. Ẹ jẹ́ ká mọ ọ́n nínú Revit. Láti 0 dé 3150, kí Maximum Riser Height, ìyẹn gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 175, kí ìtẹ̀sẹ̀ jẹ́ 250. Revit á pín in sí ìgbésẹ̀ 18 géérégé. Bí ẹ bá pín in sí apá méjì ọgbọọgba, 9 àti 9, landing, ibi pẹrẹsẹ tó wà láàárín àtẹ̀gùn, á wà ní 1575. Ẹ yọ dẹ́kìn 150 kúrò, ó ku 1425 láti ilẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀, bíìmù landing kò sì tíì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pílásítà. Ilẹ̀kùn 2100 ni wọ́n yà síbẹ̀. Àgbàlagbà kankan kò lè nàró níbẹ̀.

Section kan tí ẹ bá gé la ibẹ̀ kọjá máa fi hàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni kí àtẹ̀gùn má pín dọ́gba. Bí ẹ bá gbé 14 sí apá àkọ́kọ́, landing á bọ́ sí 2450, abẹ́ rẹ̀ á jẹ́ 2300, 4 tó kù á wà ní apá kejì. Ohun tó máa gbà ni gígùn: ìtẹ̀sẹ̀ 13 ní 250 jẹ́ 3250, láìka landing. Bí yàrá kò bá gba 3250, ẹ sọ fún onílé nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí bébà pé ibi ìkẹ́rùsí ló lè wà níbẹ̀. Rírì tí àwọn kan ń ri ilẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀ kò dára, omi ìdọ̀tí kì í gòkè lọ sí sọ́kàwéè.

Kíka búlọ́ọ̀kù

Ojú búlọ́ọ̀kù 450 ní 225 jẹ́ 0.10125 m², ìyẹn ni pé mítà onígun kan gba nǹkan bíi 9.9 láìka símẹ́ńtì àárín. Wọ́n máa ń pè é ní 10, kí ààyè símẹ́ńtì lè gba ti èyí tó bá fọ́. Tábìlì ògiri nínú Revit máa ń yọ ihò ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò fúnra rẹ̀. Ògiri tó gùn ní mítà 6, tó ga ní 2.7, jẹ́ 16.2 m², ẹ yọ fèrèsé 1.2 ní 1.2 àti ilẹ̀kùn 0.9 ní 2.1, ó ku 12.87 m². Búlọ́ọ̀kù 129 ni, kì í ṣe 162. Nínú Calculated Value, ẹ fi 1 m² pín Area kó lè di nọ́ńbà lásán kí ẹ tó fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ẹ bá kọ Area * 10 nìkan, á ní Inconsistent Units.

Kí ẹ tó gba tábìlì yẹn gbọ́, ẹ wo òkè ògiri. Ògiri tó bá gun dé 3150 ti wọ inú bíìmù àti dẹ́kìn, ẹ ń ka búlọ́ọ̀kù síbi tí kọnkéré wà. Níbi tí bíìmù 450 bá wà, Top Offset gbọ́dọ̀ jẹ́ -450. Òpó tó bá wà láàárín ògiri náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ògiri ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí ẹ wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ra fún wọn. Èyí tí ilé iṣẹ́ aláṣelọ́jà ya máa ń ní ìṣó àti ìdè gbogbo nínú, àga kan lè wúwo ju odindi ògiri ilé lọ. Ẹ ṣí Metric Window.rft, kí ẹ ṣe fèrèsé alumíníọ́mù onísísún kan tí fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ ṣeé yí padà, kí irin ààbò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kó tó 600, 900, 1200 àti 1800 nínú fáìlì .rfa kan. Ẹ má fi Model In-Place ṣe fèrèsé: ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ló ń dá dúró, bí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe àwọn yòókù kò ní mọ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, àti àwọn tó ṣì wà lórí AutoCAD

Bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ gidi tí ọjọ́ rẹ̀ kò lé yín. Hòtẹ́ẹ̀lì alájà márùn-ún máa lé yín padà sí AutoCAD. Àwọn àwòrán àtijọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní DWG àti PDF. Sísọ gbogbo wọn di Revit kò pa owó wọlé. Ọjọ́ tí onílé kan bá padà wá pé òun fẹ́ fi kún ilé, ẹ lọ wọn ilé náà, kí ẹ mọ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ju ẹyọ ẹnì kan lọ nínú fáìlì kan, ẹ dá Central, fáìlì àpapọ̀ gbogbo yín, sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan nínú ọ́fíìsì, kí oníkálùkù máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà tirẹ̀ kó sì máa Synchronize, ìyẹn kó máa da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Central. Central kò gbọ́dọ̀ wà lórí Dropbox tàbí Google Drive. Àwọn yẹn kò mọ ẹni tó mú ohun kan lọ́wọ́ nínú ilé, ẹ̀dà méjì á jà, iṣẹ́ ọjọ́ kan á sì nù. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tó ń bá ọ́fíìsì Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́ nílò ìkùukùu tí Autodesk ṣe fún Revit gan-an. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ò ní fi èyí ṣeré, torí láti oṣù Kẹrin 2016 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè BIM lórí iṣẹ́ ìkọ́lé tirẹ̀.

Ẹnjiníà àti ẹni tó ń ṣírò owó ilé lè wà lórí AutoCAD fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, DWG ni wọ́n máa béèrè. Ẹ ṣe Export Setup kan, kí ẹ sọ layer tí ògiri, òpó àti ilẹ̀kùn máa bọ́ sí, mm, DWG 2013, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú template. Níbi tí ẹ ti ń mú fódà, àpótí kan wà nísàlẹ̀ tó ń sọ nípa external references. Ẹ yọ àmì kúrò nínú rẹ̀. Bí àmì bá wà níbẹ̀, bébà kan á tú jáde bíi fáìlì mẹ́fà, ẹ̀yin á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹnjiníà lórí WhatsApp, fírémù òfìfo ni yóò bá nínú rẹ̀. Ẹ fi PDF bébà kan náà tẹ̀ lé e, kó lè fi wo ohun tó yẹ kó rí.